Ìka ọwọ́ mi ń wú, ó ń yún, ó sì ń dúdú: ṣé òtútù ẹja lè ṣe èèyàn báyìí ní Àjàṣẹ́ níbí?

Ìyá Ráfíà, Àjàṣẹ́

Ẹ kú déédé ìwòyí o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, nǹkan yìí ti sú mi ni. Ẹja yìnyín ni mò ń tà ní apá Wàńdó, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà báyìí, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ti máa ń wà nínú chambre froide, yàrá òtútù tí wọ́n ń kó ẹja yìnyín sí, níbi tá a ti ń gba ẹja, màá ka páálí, màá gbé e, màá wá padà sídìí igbá mi lọ máa fọwọ́ ya ẹja tó ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí ẹ mọ̀ pé ẹ máa gbé páálí yẹn sókè ni ẹ máa là á mọ́lẹ̀ gbàà kó tó tú. Ìbọ̀wọ́ tí mò ń wọ̀, ti òwú ni, tó bá fi máa di aago mẹ́fà ó ti rin gbindingbindin, inú omi yìnyín yẹn lọwọ́ mi máa wà títí ọjà á fi tú.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí ìka mi ti ń ṣe bákan. Kókó kéékèèké ló ń yọ lẹ́yìn ìka àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná, ó le bí ẹyọ ẹ̀wà, ó dúdú lọ sí àlùkò, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn há èèyàn níka. Tí mo bá wà lọ́jà kì í fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú, àmọ́ tí mo bá ti délé tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, ha! Á máa yún mi, á máa ta mí bí ẹni fi ata rodo pa á. Mo máa ń gbé omi gbígbóná kalẹ̀ kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Méjì ti bẹ́, ó ń ṣomi.

Ti ojú wá nìyí. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí nǹkan róbótó kan ti yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì, etí ẹ̀ dúdú, àárín ẹ̀ funfun, ó máa ń họ. Òmíràn wà nínú kòtò etí mi, òmíràn tún wà lórí, gbogbo irun ibẹ̀ ti re, ó fẹ̀ tó owó ẹyọ ọgọ́rùn-ún fáráǹ, gèlè ni mo fi ń bò ó. Mo pè é ní làpálàpá, mo ra ìpara làpálàpá, kò gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jà wá fún mi ní ìpara kan nínú èyí tí wọ́n fi ń bóra, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó rọlẹ̀, inú mi dùn, mo dáwọ́ dúró, ló bá tún padà wá, awọ ibẹ̀ sì ti wá fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ọjọ́ tí oòrùn bá pa mí, ọjọ́ kejì ẹ̀ kò ṣeé wò.

Ìyá ọkọ mi ní ẹnì kan ló fi nǹkan sí páálí ẹja kí n lè fọwọ́ kó o. Àbúrò mi tó wà ní Faransé ni mo fi fótò ọwọ́ ránṣẹ́ sí, ó ní engelures ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, àrùn òtútù ni. Àrùn òtútù ní Àjàṣẹ́ tá a ti ń làágùn lóru? Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé ti ọwọ́ àti ti ojú yìí jọ tan ni àbí kálukú wá lọ́tọ̀?

Baba Àjàrá

Ìyá Ráfíà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òtútù ló wọ̀ yín lára, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá òrí gidi, ẹ pò ó mọ́ àdí, ẹ fi pa á, kí ẹ wá máa yá ọwọ́ yẹn nídìí iná ààrò láàárọ̀ àti lálẹ́ kó gbóná wọra dáadáa. Ìyá mi àgbà máa ń ṣe é fẹ́sẹ̀ tó bá ń là nígbà ọyẹ́, ó sì máa ń jẹ́. Ní ti ojú yẹn, ẹ má fojú kéré ohun tí ìyá ọkọ yín sọ o, ayé le.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Àjàṣẹ́

Baba, ẹ má bínú sí mi, òrí dáa, ó ń jẹ́ kí awọ rọ̀, n ò bá yín jà lórí òrí. Iná yẹn ni mi ò fara mọ́. Tí òtútù bá mú ọwọ́, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín tó wà lábẹ́ awọ máa ń fún pọ̀ kí ooru ara má bàa jáde, téèyàn bá wá sáré fi iná tàbí omi gbígbóná sí i, ẹ̀jẹ̀ á ya wọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn iṣan yẹn ò ní lè gbà á tán, omi á máa jò sínú ẹran ara, ohun tó ń wú tó ń yún nìyẹn. Ọwọ́ tó ti kú tipiri ò sì ní mọ̀ pé iná ti ń jó òun. Mo ti rí ẹni tó bó lọ́wọ́ báyẹn. Ẹ jẹ́ kó móoru fúnra ẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, ó tó.

Ìyá Ráfíà, ó ṣeé ṣe ní Àjàṣẹ́ dáadáa. Kò dìgbà tí yìnyín bá ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Òtútù pẹ̀lú omi ló ń fà á, àní òtútù tí kò tiẹ̀ dé ojú ibi tí omi ti ń dì, láti 0 lọ sókè dé bíi 15 lórí ìwọ̀n. Chambre froide tí ẹ ń wọ̀ yẹn, wọ́n sábà máa ń gbé e sí 18 nísàlẹ̀ òdo, ẹ sì tún wá ki ọwọ́ bọ inú òwú tó rin. Lójú tèmi ìbọ̀wọ́ yẹn burú ju ọwọ́ lásán lọ. Wákàtí 12 sí 24 lẹ́yìn òtútù ni kókó yẹn sábà máa ń yọ, ìyẹn lèèyàn kì í fi í so ó mọ́ ohun tó ṣe é, alẹ́ lẹ ti ń rí i, ìdájí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ohun tó ń kọ mí lóminú wà níbòmíràn. Engelure lásán, téèyàn bá ti yẹra fún òtútù, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ó ti lọ. Tiyín ti pé oṣù mẹ́ta, ojú tún ní róbótó, irun tún re. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ lupus, ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà ló yíjú padà sí onílé, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe. Ó lè mú awọ nìkan, ó lè mú oríkèé, ó lè mú kíndìnrín. Nínú èyí tó ń mú awọ, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní lupus engelure, ìka ọwọ́, ìka ẹsẹ̀, imú àti etí ló fẹ́ràn, ó jọ engelure débi pé ojú lásán kì í fi í mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Dókítà kan ní London, Jonathan Hutchinson, ló ti kọ nípa ẹ̀ láti 1888, kì í ṣe àrùn àná. Èyí tó wà lójú yín àti nínú kòtò etí, bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀, ó jọ lupus discoïde, irú lupus awọ tó máa ń yọ róbótó róbótó, òun àti lupus engelure sì lè wà lára ẹnì kan náà. N ò rí yín, n ò lè fi ẹnu lásán sọ pé òun ni. Ẹ lọ rí dókítà awọ ara, ẹ bọ́ gèlè yẹn kó rí orí yín, ẹ má fi ọwọ́ nìkan hàn án.

Ní ti ìpara tí wọ́n fi ń bóra yẹn, ẹ wo ara páálí ẹ̀ bóyá ẹ máa rí clobétasol. Tẹ́ ẹ bá rí i, oògùn gidi ni o! Òun náà ni àwọn dókítà ń kọ fún lupus awọ, ìyẹn ló fi rọlẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ó lágbára gan-an, ojú kọ́ ni ibi téèyàn á ti máa fi ṣeré láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó ń jẹ awọ, ẹ̀yin náà ti rí awọ àlùbọ́sà. Ó ń bí mi nínú pé oògùn tá à ń wá kiri fún aláìsàn ni wọ́n ń tà nínú igbá lọ́jà fún ẹni tó fẹ́ pupa.

Àbẹ̀kẹ́, Kétu

Ìyá Ráfíà, mo kà á débi kòtò etí, mo pariwo nínú ilé. Inú kòtò etí gan-an ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀! Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti lupus discoïde ti jọ ń gbé. Èmi náà pè é ní làpálàpá, ọdún méjì gbáko, mo tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó sín mi ní gbẹ́rẹ́ sójú tó fi ẹ̀bu ra á, àpá ẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Ohun tó dùn mí jù ni irun. Ibi tó bá ti di àpá, irun ò ní hù níbẹ̀ mọ́ láéláé, oògùn ò lè mú un padà, ó kàn lè dá èyí tó kù sí ni. Nítorí náà ẹ má sọ pé ó dìgbà tí ọjà bá dùn.

Kútọnu ni mo lọ, ní CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba, lọ́dọ̀ àwọn dókítà awọ. Wọ́n fún ibẹ̀ lábẹ́rẹ́ kó kú, wọ́n wá fi irin kan tó dà bí ìdérí bírò yọ awọ tó tó hóró ìrẹsì, wọ́n rán an, mi ò mọ nǹkan kan lára. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní biopsie, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti wá anticorps antinucléaires, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara tó yíjú padà sí onílé, wọ́n gba ìtọ̀ pẹ̀lú, torí lupus lè wọ kíndìnrín kó má sọ̀rọ̀ rárá.

Oògùn tí mò ń lò ni hydroxychloroquine, Plaquenil ló wà lára páálí tèmi. Ìbátan Nivaquine, oògùn ibà ayé àtijọ́, ni. Ìyá mi rí i, ó ní "ibà wo ló ń ṣe ọ́ lójoojúmọ́ tí ò tán?" Wọ́n gbé mi sórí ìwọ̀n, kílò 62. Dókítà ní kílò kan ò gbọ́dọ̀ gbà ju mílígíráàmù 5 lọ lójúmọ́, ó ṣírò ẹ̀, ó jẹ́ 310. Hóró kan sì rèé, 200 ni. Ló bá ní kí n máa lo méjì lónìí, kí n lo ẹyọ kan lọ́la. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń fa ìlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n lè mọ èwo ló kan òní, ọmọ mi ti nù ún nù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó. Oṣù àkọ́kọ́ ó yún mi bí Nivaquine ayé àtijọ́, ẹ̀yin tí ó bá yín láyé ẹ mọ ìyún tí mò ń sọ, lẹ́yìn ìyẹn ó rọ̀. Títí oṣù kejì fi pé mi ò rí ìyàtọ̀, mo ti fẹ́ jù ú nù, oṣù kẹta ni róbótó yẹn tó dẹ́kun fífẹ̀. Ó kàn ń fa sùúrù ni.

Ẹ ṣọ́ ojú o. Oògùn yẹn lè ba ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́ tó bá pọ̀ tàbí tó pẹ́ lára, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ọdún àkọ́kọ́ tó pé, tó bá wá pé ọdún márùn-ún, ó di ọdọọdún. Àti oòrùn! Oòrùn ni oúnjẹ lupus. Mò ń lo ìpara tó ń dí oòrùn, SPF 50, nígbà tí owó bá wà, nígbà tí kò bá sí, ìborùn àti akẹtẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan báyìí tí gbogbo Kétu fi ń dá mi mọ̀.

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́ ní London

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Chilblains ni wọ́n ń pè é níbí. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé, ẹsẹ̀ ló ti mú mi, bàtà tó fún mi ni mo wọ̀ lọ síṣẹ́ nínú òjò, mo délé mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ìyẹn náà ni mo fi ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Mi ò ní lupus, ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ àti bàtà tó fẹ̀ ló wò mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lọ. Ní 2020 nígbà kòrónà, ọ̀pọ̀ ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló ní irú kókó yìí lẹ́sẹ̀ láìjáde nílé, wọ́n sọ ọ́ ní ìka ẹsẹ̀ Covid, ariwo pọ̀ lórí ẹ̀ nígbà yẹn.

Ìyàwó mi ní èyí tó ń jẹ́ Raynaud, ẹ má fi í pe engelure. Tiẹ̀, ìka máa ń kú lójijì, á funfun, á wá dà bí aró, kó tó padà pọ́n, bí ìṣẹ́jú mélòó kan sí wákàtí kan ó ti tán, kì í fi kókó sílẹ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú ẹ ò ní rí funfun báyẹn, bí eérú ló máa ń rí, èékánná ni kẹ́ ẹ máa wò. Wọ́n fún un ní nifédipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀. Orí máa ń fọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ráfíà, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo wo ara páálí yẹn, clobétasol ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo ká ọwọ́ lérí. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan méjì sí i. Ṣé ó ń ràn? Ráfíà ń bá mi ya ẹja tó bá ti iléèwé dé. Àti pé ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni? Gbèsè páálí wà lọ́rùn mi, mi ò lè jókòó sílé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Àjàṣẹ́

Kò ràn, rárá, ẹ jọ máa jẹun nínú abọ́ kan náà. Irú lupus engelure kan wà tó ń tẹ̀ lé ìran, àbùkù inú jíìnì TREX1 ló fà á, ọdún 2007 ni wọ́n rí ìyẹn, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n, láti kékeré ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Tiyín bẹ̀rẹ̀ lágbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Ráfíà wá ìbọ̀wọ́ rọ́bà wọ̀, ọwọ́ ọmọdé náà ò bá òtútù ṣọ̀rẹ́.

N ò ní sọ pé kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ gbígbẹ sínú, kẹ́ ẹ wọ rọ́bà gígùn lé e lórí, kí méjì mẹ́ta míì wà nínú báàgì, tí tinú bá ti rin kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ara ni kẹ́ ẹ bò, tí àyà bá tutù ọwọ́ á tutù. Tí ẹnì kan bá lè máa wọ chambre froide fún yín, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń mu sìgá nítòsí yín, ẹ lé e jìnnà, sìgá ń mú lupus awọ le, ẹni tó bá ń mu ún, Plaquenil kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára ẹ̀. (Sìgá ni mo sọ o, kì í ṣe èéfín ẹja.) Nifédipine tí ọmọ Sábẹ̀ẹ́ sọ, wọ́n ń lò ó fún irú tiyín náà, ẹ kàn má lọ rà á fúnra yín ní fámásì, ó lè mú ẹ̀jẹ̀ yín wálẹ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá sì lóyún, ẹ má dá Plaquenil dúró, ẹ sáré sọ fún dókítà, wọ́n sábà máa ń jẹ́ kéèyàn máa lò ó lọ, àwọn oògùn lupus míì ló léwu fún ọmọ inú.

Àwọn méjì tó bẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó kíákíá. Tó bá ń ṣọyún, tàbí tí orí ìka kan dúdú tí kò mọ nǹkan kan lára mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ìtọ̀ bá ń hó bí ọṣẹ, tí ẹsẹ̀ bá wú, tí àyà bá ń dùn yín tẹ́ ẹ bá mí.

Baba Àjàrá

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ti iná yẹn. Òrí ńkọ́, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Àjàṣẹ́

Òrí wà níbẹ̀ baba 😄 kí ó ṣá má kan ibi tó bẹ́.

Ìyá Ráfíà, Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní kí n padà wá jábọ̀, ó ti lé lóṣù méjì. Mo lọ. Wọ́n gé awọ níka àti ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe wí ló rí, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Lupus ni àwọn méjèèjì, ti ọwọ́ àti ti ojú, ìtọ̀ mi mọ́, wọ́n ní kò tíì dé inú. Mò ń lo Plaquenil, wọ́n fún mi ní ìpara fún ọwọ́ àti òmíràn tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ fún ojú, wọ́n kọ iye ọjọ́ sí i, mo sì ń kà á. Ó ku kí n lọ yẹ ojú wò. Ìyá ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ páálí mọ́, òun ló wá ń rán mi létí oògùn, ó ní kí n má fi ọjọ́ kan jẹ.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń wọ chambre froide báyìí, mo fi ẹgbẹ̀rún kan kún owó ẹ̀ lọ́sẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ti gbẹ, ti òsì ku ìka kan. Ti ojú ò tíì lọ, àmọ́ kò fẹ̀ sí i. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgúnpá ní Àjàṣẹ́ níbí kó jọ̀ọ́ sọ fún mi, èyí tí mo rí rà, ẹ̀gún ẹja ti lu ú kí n tó lò ó dọ́jọ́ kẹrin.